Òkúta Ẹfun: Láti Ìkarahun Inú Òkun Dé Inú Àpò Sìmẹ́ńtì

Ẹ wá èèpo ẹyin adìyẹ kan, ẹ wá òkúta gíránáìtì wẹ́wẹ́ kan lára èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, kí ẹ sì bu fínígà díẹ̀ sínú ife. Bí kò bá sí fínígà, omi òroǹbó wẹ́wẹ́ náà yóò ṣe é. Ẹ kán fínígà sórí òkúta yẹn: á tutù, ó parí. Ẹ wá ju èèpo ẹyin sínú ife, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Kò ní pẹ́ tí ìfófó wẹ́wẹ́ á fi bò ó lára, tí á máa ru sókè bí ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó lè jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹyin nìkan lẹ máa bá nínú ife.

Òkúta kan wà tó ń ṣe bí èèpo ẹyin yẹn gẹ́lẹ́. Òun là ń pè ní òkúta ẹfun, òun náà ni àwọn awakọ̀ tó ń kó o àti àwọn olósìn adìyẹ ń pè ní láìmúsítóònù. Àwọn onímọ̀ òkúta máa ń mú ìgò ásíìdì kékeré dání tí wọ́n bá ń lọ sínú igbó. Wọ́n á kán ẹ̀kán kan sórí òkúta tí wọn ò dá mọ̀, tó bá ti ru, wọ́n ti mọ ìdílé tó ti wá.

Ìdí tí òkúta àti èèpo ẹyin fi ń hùwà kan náà ni pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Kálísíọ́mù kábónéètì ni wọ́n ń pè é. Òun ló wà nínú ìkarahun ìgbín, òun ló wà nínú owó ẹyọ, òun ló wà nínú iyùn gidi tí àwọn ọba ń so mọ́rùn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán fínígà wò lára iyùn ìyá yín o. Tó bá jẹ́ ojúlówó, á jẹ ẹ́ lára, dídán rẹ̀ á sì lọ.) Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání látinú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé: èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta ẹfun tó wà láyé, ilé tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí kọ́ fún ara wọn ni, kó tó wá di òkúta.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó di àpáta

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ sẹ́ ògì tán, ẹ gbé ike sílẹ̀, nígbà tó fi máa di àárọ̀, ògì ti wà nísàlẹ̀, omi ti tòrò lókè. Ká ní ẹ tún wá sẹ́ òmíràn lé e lórí láìkó ti àkọ́kọ́, bàbà lórí funfun, funfun lórí bàbà, ìpele ìpele ló máa tò sínú ike náà. Ti ìsàlẹ̀ ló máa kì jù, torí gbogbo ti òkè ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ògì kì í dúró títí tí á fi di òkúta.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ odò, ọ̀sà àti òkun nìyẹn. Yanrìn tó bá sìlẹ̀ síbẹ̀ á di òkúta oníyanrìn, ẹrẹ̀ á di òkúta amọ̀ tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ìdílé òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn. Ti òkúta ẹfun yàtọ̀ díẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń sìlẹ̀ fún un kì í wá láti orí ilẹ̀. Nínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò jìn, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ̀ dé ìsàlẹ̀, oríṣiríṣi ẹ̀dá ló ń gbé ibẹ̀: ìgbín òkun, àwọn ẹlẹ́mìí tó ń kọ́ iyùn, àti àìmọye àwọn mìíràn tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Inú omi òkun ni wọ́n ti ń fa kálísíọ́mù tí wọ́n fi ń kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá kú, ẹran ara wọn á jẹrà, ìkarahun á rì sísàlẹ̀. Èyí tó fọ́ á fọ́, èyí tó kù ní odidi á wà bẹ́ẹ̀. Òmíràn á tún kú, á tún rì sórí rẹ̀. Ẹ má ka ọdún sí i, torí ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òkìtì ìkarahun kò tíì di òkúta. Ohun méjì ló ń sọ ọ́ di òkúta. Ìkíní ni ẹrù tó wà lórí rẹ̀, tó ń fún omi jáde kúrò láàárín rẹ̀. Ìkejì ni omi tó ṣẹ́kù: omi yẹn á yọ́ díẹ̀ lára àwọn ìkarahun, á gbé e kiri inú àwọn àlàfo wẹ́wẹ́, á sì tún fi í sílẹ̀ síbẹ̀ bí àtè, tí á fi lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ti rí nǹkan funfun tó máa ń le gbagidi sídìí kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi kànga ní àwọn àdúgbò kan, irú àtè yẹn náà ni. Fínígà ló sì ń yọ òun náà kúrò.

Nígbà tí òkun wà ní Ewékorò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èkó lọ sí Abẹ́òkúta yóò kọjá Ewékorò, yóò sì rí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èrò inú ọkọ̀ ò mọ̀ ni pé ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń gbà kọjá. Ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 60 sẹ́yìn, omi òkun bo gbogbo agbègbè yẹn. Àwọn ẹranko gàgàrà tí a ń pè ní dáínásọ̀ ti tán láyé ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn, nítorí náà kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìparun wọn, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ka ọdún, ni ìkarahun ń rì sílẹ̀ ní Ewékorò. Òkúta tó jáde látinú rẹ̀ nípọn ju mítà 10 lọ níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, kì í sì í ṣe ojú ilẹ̀ ló wà. Erùpẹ̀ pupa àti amọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hú ìyẹn kúrò.

Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó kú sínú òkun yẹn ṣì wà nínú òkúta. Ìkarahun ìgbín òkun wà níbẹ̀, iyùn wà níbẹ̀, àti àwọn ẹ̀dá òkun mìíràn tí òkúta ti rọ́pò ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ fara balẹ̀ kó wọn jọ, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé iṣẹ́ ńlá jáde lórí wọn ní 1977. Títí dòní, orúkọ Ewékorò ni àwọn onímọ̀ òkúta káàkiri àgbáyé ń fi pe ìpele òkúta yẹn. Inú mi máa ń dùn sí i pé ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn di orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́.

Òkun àtijọ́ yẹn kò mọ ààlà tí àwọn òyìnbó fà. Àfonífojì tí omi rẹ̀ kún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wa òkúta ẹfun ní Tabligbo ní Tógò, tí wọ́n ń wà á ní Onigbolo lẹ́bàá Pobè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n sì ń wà á ní Ìbèṣè, Ewékorò àti Ṣàgámù lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ wá ronú sí èyí: láti Ewékorò dé ìdí Olúmọ, wákàtí kan nínú ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Síbẹ̀ òkúta méjèèjì kò bára tan rárá. Gíránáìtì ni Olúmọ. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti yọ́ bí irin inú iléru, tó sì tutù díẹ̀díẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún mílíọ̀nù 500 tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Àpáta Abẹ́òkúta ti gbó kí òkun Ewékorò tó dé, òkun náà sì gbẹ, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kán fínígà sórí òkúta kọnkéré yín tí kò dáhùn, irú òkúta Olúmọ ló wà lọ́wọ́ yín.

Ìwà òkúta yìí

Òkúta ẹfun kò le tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Nínú òṣùwọ̀n líle tí wọ́n fi ń wọn òkúta, tí dáyámọ́ńdì wà ní 10, ipò 3 ni tirẹ̀. Ọ̀bẹ ìdáná lè ha á lára, òun kò sì lè ha gíláàsì. Tó bá mọ́ gaara, funfun ni. Ìpẹtà irin ló ń sọ ọ́ di pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ẹrẹ̀ àti ewéko tó jẹrà sínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di eérú tàbí dúdú. Nítorí náà, kí ẹ má fi àwọ̀ dá a mọ̀. Ìfófó ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ bá ṣe òkúta ẹfun pẹ́, gbogbo ìkarahun inú rẹ̀ á yòrò mọ́ra wọn, á dán, á di mábù. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àṣírí kan fún ẹni tó fi mábù ṣe tábìlì sílé nìyí: ẹ má jẹ́ kí omi òroǹbó pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú ibi tí kì í dán mọ́, tí ẹ ń fi kanrinkan ha títí, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ásíìdì ti jẹ ẹ́ ni.

Omi òjò pàápàá ní ìkan díẹ̀ nínú, torí ó ń gba kábọ́nù dáyọ́kísáìdì láti inú afẹ́fẹ́ àti láti inú ilẹ̀ bó ṣe ń wọlẹ̀. Ìkan yẹn kéré gan-an, kò tó ohun tí ahọ́n lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lórí òkúta ẹfun, á gbẹ́ ihò ńláńlá sí i nínú. Ní Matanzas ní Kúbà, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti fi ìjọsìn òrìṣà múlẹ̀ ṣinṣin, irú ihò bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní 1861. Bellamar ni wọ́n ń pè é. Omi tó ń kán láti òkè ihò náà ń fi òkúta ẹfun sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí abẹ́là tó ń yọ́, tó ń rọ̀ dirodiro.

Ọ̀rọ̀ Kúbà yìí tún mú mi rántí nǹkan kan. Ẹfun tí àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń lò, tí wọ́n tún ń pè ní cascarilla, èèpo ẹyin tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n rékọjá òkun, wọ́n rí èèpo ẹyin, wọ́n sì fi mọ ẹfun. Ohun kan náà tó wà nínú òkúta Ewékorò ni wọ́n ń fi bọ Ọbàtálá lọ́hùn-ún.

Bó ṣe ń di sìmẹ́ńtì

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí a ń fi òkúta yìí ṣe lónìí ni sìmẹ́ńtì. Ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1960, ọdún òmìnira, ti Ṣàgámù tẹ̀ lé e ní 1978. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò yí padà. Wọ́n á fi àdó olóró fọ́ òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, òkúta ẹfun á sì kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àdàlù náà. Wọ́n á dà á sínú iléru tó dà bí ọ̀pá irin ńlá kan tó dùbúlẹ̀, tó rẹ apá kan sílẹ̀ díẹ̀, tó sì ń yí lọ́gbọ́nlọ́gbọ́n. Iná wà ní apá tó rẹlẹ̀. Bí àdàlù náà ṣe ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ iná, ooru rẹ̀ ń lọ sókè títí tó fi máa dé nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Lójú ọ̀nà, kó tó dé ibi tó gbóná jù, nǹkan pàtàkì kan ń ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ru jáde lára èèpo ẹyin nínú ife fínígà yín, iná máa ń lé e jáde lára òkúta pẹ̀lú. Kábọ́nù dáyọ́kísáìdì ni. Nínú òkúta ẹfun tó mọ́, kílò 100 tó wọ iléru, kílò 44 máa di afẹ́fẹ́, ó ku kílò 56. Ẹ ò rí i pé kò kéré. Sìmẹ́ńtì nìkan ló ń kó nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 gbogbo kábọ́nù dáyọ́kísáìdì tí ọmọ ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tó ń wá láti inú òkúta fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti inú epo tàbí gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ẹ̀mí tí àwọn ìgbín òkun fà sínú ìkarahun ní ọdún mílíọ̀nù 60 sẹ́yìn là ń tú sílẹ̀ padà yẹn.

Ohun tó bọ́ jáde nínú iléru rí kóródó kóródó bí èkùrọ́. Klíńkà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á lọ klíńkà kúnná pẹ̀lú jípísọ́ọ̀mù díẹ̀, sìmẹ́ńtì dé nìyẹn. Jípísọ́ọ̀mù yẹn ni kò jẹ́ kó tètè dì. Láìsí i, sìmẹ́ńtì á ti le mọ́ inú páànù kí bíríkìlà tó gbé e dé orí ògiri.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, torí àṣìṣe kan wà tó ń ba ilé jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí sìmẹ́ńtì bá ti gbẹ ló máa le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni sìmẹ́ńtì ń mu kó tó le. Omi àti klíńkà ló ń para pọ̀ di nǹkan tuntun tó so yanrìn àti òkúta mọ́ra. Bí oòrùn bá tètè fa omi yẹn gbẹ, iṣẹ́ dúró sáàárín ọ̀nà nìyẹn, á kàn dà bí ẹni pé ó le ni. Ìdí tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù tó mọ iṣẹ́ fi ń bu omi sí búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Kọnkéré ilé yín ń fẹ́ omi fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n bá fi pò ó látilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, torí èyí tí sìmẹ́ńtì kò mu nínú rẹ̀ á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Kí ó gbẹ díẹ̀ nígbà pípò, kí ó tutù dáadáa lẹ́yìn títẹ̀: bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kí ni 42.5 ń wí?

Mo wà níwájú ìsọ̀ oní-sìmẹ́ńtì kan nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan dé.

“Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ fún mi ní 42.5, òun ló wúwo ju 32.5 lọ.”

“Ọmọ mi, kílò 50 ni gbogbo ẹ̀. Kò sí èyí tó wúwo ju ìkejì lọ.”

“Kí wá ni 42.5 yẹn ń wí, mà?”

“Òun ló lágbára jù.”

Màmá yẹn gbà á. Agbára ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n á fi sìmẹ́ńtì náà mọ ègé kan pẹ̀lú irú yanrìn kan pàtó, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú omi fún ọjọ́ 28, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi fọ́. Ẹ fojú inú wo ibi tó fẹ̀ tó èékánná ìka kékeré kan, sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú, sẹ̀ǹtímítà kan ní òòró. Ti 42.5 gbọ́dọ̀ lè gbé ju kílò 430 lọ lórí ibi kékeré yẹn kó tó fọ́, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ lọ. Ti 32.5 máa gbé bí àpò mẹ́fà àtààbọ̀. Ní 2014, àjọ SON tó ń mójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà sọ pé kí wọ́n fi 32.5 mọ sórí rírẹ́ ògiri nìkan, kí wọ́n má fi gbé òpó tàbí dẹ́kìn mọ́. Bí ẹ bá rí lẹ́tà R lẹ́yìn nọ́ńbà náà, ó túmọ̀ sí pé ó ń tètè lágbára ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́; N jẹ́ èyí tó ń lọ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n agbára inú àpò ni gbogbo ìyẹn. Yanrìn ẹlẹ́rẹ̀ àti omi àpọ̀jù lè sọ 42.5 di yẹpẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó wà lára àpò náà ni Portland. Ọ̀pọ̀ ló rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ ni. Orúkọ òkúta ẹfun kan ni, tó wá láti erékùṣù Portland ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1824, Joseph Aspdin, bíríkìlà kan ní ìlú Leeds, gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí sìmẹ́ńtì tó ṣe, ó sì pè é ní Portland torí pé tó bá le tán, ó jọ òkúta yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fọwọ́ kan òkúta náà fúnra yín: òun ni wọ́n fi kọ́ St Paul's Cathedral lẹ́yìn iná ńlá 1666. Ẹ wo ògiri ìta rẹ̀ dáadáa níbi tí òjò ti jẹ ẹ́, ẹ ó rí ìkarahun tó yọ síta.

Bí ẹ bá sì rí i lára àpò pé Portland Limestone Cement ni, ohun tó túmọ̀ sí ni pé lẹ́yìn òkúta tó ti jóná di klíńkà, wọ́n tún lọ òkúta ẹfun tútù mọ́ ọn. Kì í ṣe àbùlà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà rẹ̀ wí, ó sì ń dín klíńkà tí wọ́n máa sun kù.

Oúnjẹ adìyẹ, àyà títa, àti amọ̀ tí kì í ṣe òkúta ẹfun

Lọ́dọ̀ àwọn olósìn adìyẹ tó ń yé, òkúta ẹfun lílọ̀ wà nínú oúnjẹ lójoojúmọ́. Èèpo ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kálísíọ́mù kábónéètì látòkèdélẹ̀, níbo ni adìyẹ máa rí i tí wọn kò bá fún un? Bí ẹyin bá ń jáde pẹ̀lú awọ rírọ̀, ọ̀kan lára ohun àkọ́kọ́ tí olósìn á yẹ̀ wò nìyẹn. Ohun tí ìgbín òkun fi kọ́lé ni adìyẹ òní tún fi ń kọ́lé fún ẹyin rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà ń wọ́n ọn sí ilẹ̀ tó ti kan jù fún irúgbìn.

Egbòogi jíjẹ lẹ́nu tí wọ́n ń tà fún àyà títa, púpọ̀ nínú rẹ̀ kálísíọ́mù kábónéètì ni. Ásíìdì inú ikùn bá a pàdé, ó ru, ẹ gùnfẹ̀: fínígà àti èèpo ẹyin nìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan funfun ni òkúta ẹfun, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ènìyàn lójú. POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, jípísọ́ọ̀mù ni, kò ní ru. Ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé òde òní, jípísọ́ọ̀mù ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Káún máa ru tí ẹ bá kán fínígà sí i, torí pé kábónéètì ni òun náà, àmọ́ ti sódíọ́mù ni. Ẹ fi sínú omi, á yọ́ tán, òkúta ẹfun kò ní yọ́.

Èyí tí mo fi ọkàn sí jù ni amọ̀ funfun jíjẹ, tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu, tí àwọn kan ń pè ní ẹfun lọ́jà tiwa. Àwọn aláboyún ń jẹ ẹ́, wọ́n sì gbà pé kálísíọ́mù ló wà níbẹ̀ tó máa fún egungun ọmọ lágbára. Amọ̀ ni. Wọ́n ti rí òjé nínú rẹ̀, èyí tó lè ṣe ọpọlọ ọmọ inú oyún ní jàǹbá, ìdí sì nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní Bìrìtéènì fi kìlọ̀ fún àwọn aláboyún pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọbìnrin yín. Ẹni tó bá nílò kálísíọ́mù, kí ó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń rí ní kílíníìkì.

Ẹrẹ̀ funfun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà

Iná nìkan, láìsí amọ̀, máa ń sọ òkúta ẹfun di láìmù gbígbóná. Ẹ da omi sí i, á hó, á gbóná débi pé omi lè fọ́n síni lójú. Á wá di láìmù tútù, èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri láyé àtijọ́. Àwọn méjèèjì ń jẹ ara. Sìmẹ́ńtì tútù náà ní irú rẹ̀ nínú, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí lébìrà tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ kọnkéré látàárọ̀ dalẹ́. Bàtà rọ́bà kò wọ́n ju ẹsẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá sun láìmù gbígbóná pọ̀ mọ́ èédú òkúta nínú iná mànàmáná tó tó nǹkan bí 2,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kábáídì ló ń dà. Kábáídì kan náà ni àwọn kan ń fi pọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò, tí NAFDAC ń kìlọ̀ lé lórí. Àwọn wẹ́dà ló ni ín ní tòótọ́. Wọ́n á jù ú sínú gálọ́ọ̀nù irin wọn, omi á kàn án, gáàsì tí wọ́n fi ń jó irin á jáde, nǹkan funfun á sì ṣẹ́kù bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìlẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń dà á sí.

Láìmù tútù ni ẹrẹ̀ yẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣì tutù, ẹ má sì mú iná sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí oòrùn ti sá a títí tó fi ṣán wàràwàrà. Ní gbogbo àsìkò yẹn ló ti ń fa kábọ́nù dáyọ́kísáìdì padà láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ fi igi mú èérún kan lójú ibi tó gbẹ jù, ẹ kán fínígà sí i. Á ru. Lẹ́yìn òkun, kòtò Ewékorò, iléru àti gálọ́ọ̀nù wẹ́dà, ó tún ti di òkúta ẹfun níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.